Búrẹ́dì Màámi ní Oríta Sàngó

Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ló wọ inú ọkọ̀ wa ní Ìyànà Ìyẹsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. À ń lọ sí Ìjòkó láti lọ wo ilé tuntun tí ọmọ mi obìnrin ń kọ́. Dámiláre, àkọ́bí rẹ̀, tó ń kọ́ nípa òwò ṣíṣe ní yunifásítì, jókòó tì mí, ó ń fi ìka tẹ fóònù, ó ń ka nǹkan kan sí mi létí nípa bí oníṣòwò ṣe gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà rẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tún ní, "Màmá àgbà, ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ̀yin ní òwò? Ẹ ò ṣáà lọ yunifásítì." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o! Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ Pijó àlòkù ni mo ti ka ìwé tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ń bì sí mi lẹ́sẹ̀, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì sì wà lórí itan mi. Òórùn yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ padà wá, mo sì sọ ọ́ fún un títí a fi dé Ìjòkó. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí nínú ọkọ̀ náà, ẹ sún mọ́bí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Sàngó lónìí, tí ẹ mọ afárá gàgàrà tó gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Igbó àti kọ́ńpìnnì ṣì jọ ń du ilẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ irin á máa rú èéfín níbí, oko ẹ̀gẹ́ bàbá kan tó lóun ò ní ta ilẹ̀ òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á sì máa pariwo láàárín àwọn méjèèjì. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó là, àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa tú jáde nínú yàrá tí wọ́n háyà, elédè Ègùn, elédè Ìgbìrà, elédè Íbò, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn á wá dúró sí oríta wa láti wọ bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì. Èmi a máa gbọ́ ìró bàtà wọn lórí ẹní tí mo sùn sí, bíi kí òjò máa bọ̀ láti òkèèrè.

Ilé Ìyá Onílé, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, ni àwa ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni Màámi mọ ààrò búrẹ́dì rẹ̀ sí. Ọmọ Ayétòrò ni Màámi, ìdí ọkọ ló gbé e dé Sàngó, torí kọ́ńpìnnì irin ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́. Búrẹ́dì rẹ̀ dùn, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó bí mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò tó nǹkan. Ìdájí ni búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò, ìdájí náà sì ni ebi ń pa àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Màámi ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá gbé àkọ́yọ jáde lọ tà, èyí tó kù nínú ààrò á di èédú. Nígbà tó bá máa fi kó gbogbo rẹ̀ tán, tó máa wẹ̀ fún àwa ọmọ, tó máa ru ẹrù dé ìsọ̀ rẹ̀ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé oníkẹ́míìsì, bọ́ọ̀sì ti kó àwọn tó yẹ kó rà á lọ, ọkọ̀ bẹ́kírì ńlá láti Èkó sì ti já tirẹ̀ sí gbogbo ìsọ̀ etí títì.

Àwa la wá ń jẹ àṣẹ́kù. Ẹ gbà mí gbọ́, a jẹ búrẹ́dì! A fi jẹ ẹ̀wà, a fi jẹ ọbẹ̀ ilá, a rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà, nígbà tí ṣúgà tán, a rẹ ẹ́ sínú omi lásán. Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lọ́run, ó ní bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, òun ò lọ mọ́. Wọ́n nà án. Màámi gbọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí.

Bàámi kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí ẹ má bàa rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ló fẹ́ràn. Ó ti wo ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yìí sókè sódò, ó ti sú u, ló bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n sì gbà láti fún Màámi níṣẹ́ agbálẹ̀ ní kọ́ńpìnnì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàámi á wó ààrò, Ìyá Onílé á sì máa so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, owó oṣù, owó oṣù ni. Òjò ò lè pa á, kò sì lè bu." Màámi ní, "Mo gbọ́." Ẹ̀yin ọmọ mi, bí obìnrin bá ní òun gbọ́, tí kò fi nǹkan kan lé e, kò tíì gbà o.

Àbúrò Màámi bímọ ní Ayétòrò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìsọmọlórúkọ sì bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Màámi ní òun ò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Ó da gbogbo fùláwà tó kù nílé, ó pò ó, ó yan án, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń di ẹrù òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé àyankẹ́yìn nìyẹn, pé ààrò náà ò tún ní gbóná mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, a ti Pijó Bàámi títí ó fi jí, a sì gba ọ̀nà Ifọ̀ lọ.

Ọkọ̀ yẹn! Bàámi kì í gbé e lọ síbi iṣẹ́ torí epo, ìrìn àjò nìkan ló wà fún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í ṣí, èkejì kì í pa dé, okùn la fi dè é. Àti pé Bàámi ò lè rí ọjà lẹ́bàá ọ̀nà kó má dúró. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rà á, ó kàn fẹ́ nájà ni. Nínájà ni eré ìdárayá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dúró, tí a tún ń ti ọkọ̀, tí a tún ń dúró.

Ní Ifọ̀, ọlọ́sàn kan kò jẹ́ kó la ẹnu tó fi bẹ́ ọsàn kan, ó là á, ó na ìlàjì sí i. Bàámi fà á mu. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti rọ̀, kò pẹ́ náà tó fi rà á ju bó ṣe máa ń rà á lọ. Nígbà tó wọlé, tó ń kùn, Màámi ní, "Ẹni tó ti fi ọsàn dí yín lẹ́nu, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a jà?" Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ láti ilé nìyẹn.

Ní Papalantò, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ebi àgbàdo sísè ń pa Káyọ̀dé, ẹni tí kò fẹ́ rí búrẹ́dì sójú. Bàámi dúró níwájú ìyá kan tó gbé ìkòkò kaná. Ìyá náà wo àwa ọmọ, ó ní, "Ẹ má bínú o, tàná lèyí, ṣe ni mo tún un sè. Bí ẹ bá fẹ́ tòní, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó wà lábẹ́ igi yẹn." Bàámi ra tòní lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n títí a fi kúrò nílùú ló ń mi orí. Ó ní irú òmùgọ̀ wo nìyẹn, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màámi ní, "Nígbà tí a bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ ta lẹ máa dúró sí?" Bàámi ń wo iwájú, ó ń wa ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ní kíá: nígbà tí a ń bọ̀, ó kọjá lára gbogbo alágbàdo tó wà nígboro Papalantò, ó lọ dúró sí iwájú ìyá yẹn tààrà, ó tún kí i bí ẹni pé àǹtí rẹ̀ ni.

Ìlárò ni a ti rí ọ̀gá òǹtajà. Ìsọ̀ rẹ̀ tóbi, wọ́n kun pátákó rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́rin, ọkùnrin náà sì sùn sínú àga, ó la ẹnu sílẹ̀. Omi ni a fẹ́ rà fún ẹ́ńjìnnì tó ń hó. A pè é, a pàtẹ́wọ́, Bàámi lu tábìlì. Láìlajú, ó ní, "Kò sí." A ò tíì sọ ohun tí a ń wá! Màámi rẹ́rìn-ín sínú gèlè rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, Káyọ̀dé àti èmi fi ṣe eré, bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa, a ó di ojú, a ó ní "Kò sí," títí Bàámi fi lóun máa já wa sílẹ̀ nínú igbó.

Ẹ̀yìn Igbógìlà ni ohun tí mo ń sọ bọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Oko ló wà lọ́tùn-ún lósì, kò sí ilé, kò sí ẹnìkan. A rí àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kékeré kan létí ọ̀nà, iṣu wà lábẹ́ rẹ̀ ní òkìtì òkìtì, ata wà nínú ìṣaasùn. Bàámi dúró, ó fun fèrè. Kò sẹ́ni tó jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ké sínú igbó pé, "Onísu o!" Igbó dákẹ́. Màámi wá jáde nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀, ojú ẹni tó dé ilé. Ó ní, "Ẹ yé pariwo, olówó ẹ̀ wà lóko." Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Òkúta kan dúró fún sílè kan. Bí òkúta bá ṣe pọ̀ tó níwájú òkìtì ni iye rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ á ka òkúta, á gbé iṣu, á ju owó sínú igbá tó wà níbẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnu ya àwa ọmọ Sàngó. Káyọ̀dé ní, "Bí olè bá wá ńkọ́?" Màámi ní, "Olè ibo?" Bàámi kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. "Ní Sàngó tiwa? Wọ́n á gbé iṣu, wọ́n á gbé òkúta, wọ́n á ká àtíbàbà, wọ́n á sì dúró de ẹni tó ni ín kí wọ́n gba aṣọ ọrùn rẹ̀." Àní a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Màámi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé iṣu, ó ju owó sínú igbá, ó wá dúró síbẹ̀ tí kò lọ, ó ń wo àtíbàbà, ó ń wo oko, ó tún ń wo àtíbàbà. Bàámi fun fèrè kó tó wọlé. Mo jókòó tì í títí a fi dé Ayétòrò, mo sì rí i pé ìka rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń to nǹkan sórí itan.

A sọmọ lórúkọ, inú gbogbo ẹbí dùn, búrẹ́dì tán kí oyin tó dé ọwọ́ àwọn àgbà. Ní ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń padà bọ̀, tí a ti kọjá Papalantò, Màámi sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní ìdájí ọjọ́ Ajé nìkan lòun fẹ́. Òun máa yá fùláwà díẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Onílé, òun máa yan búrẹ́dì, òun máa gbé e sí oríta níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbèrò, òun máa to òkúta sí i, òun máa padà sídìí ààrò òun. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí kòtò. Bàámi ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Sàngó?" Ó ní òun gbọ́. Wọ́n jà á títí dé Ifọ̀. Níkẹyìn, Bàámi ní, "Ìdájí kan péré ni o. Bí bọ́ọ̀sì bá ti dé, yálà wọ́n rà á tàbí wọn ò rà á, ìwọ àti èmi la jọ ń wọlé. Wọ́n ń retí rẹ lọ́hùn-ún." Màámi ní, "Ó dáa." Ìyẹn ti yàtọ̀ sí "mo gbọ́." Ọkàn mi já, torí mo mọ̀ pé bí nǹkan bá yí, ó máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn lóòótọ́.

Ìdájí ọjọ́ Ajé, Káyọ̀dé àti èmi fara ti géètì, à ń wò. Màámi gbé àpótí kan sí oríta, ó gbé àtẹ lé e. Ó to búrẹ́dì gbígbóná sí i dáadáa. Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé igbá kan tì í, ó ju owó wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan sínú rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mọ ibi tí owó ń gbé. Nítorí eruku àti eṣinṣin, ó fi aṣọ funfun, èyí tó máa ń fi bo oúnjẹ Bàámi, bo ìdajì rẹ̀. Ó wò ó, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì sáré padà sídìí ààrò.

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó! Oríta mẹ́ta. Ìdájí. Àtẹ oúnjẹ. Igbá. Owó wẹ́wẹ́. Òkúta. Aṣọ funfun. Epo pupa nìkan ló kù. Màámi, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀, àti àwa tí a jọ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Iṣu Igbógìlà ló ń rí ní ọkàn rẹ̀.

Sístà kan tó ń gbé ní ojúlé kejì, tó ń lọ síbi iṣẹ́, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló gbé ẹbọ sí oríta?" Igbe rẹ̀ ló kó gbogbo ènìyàn jọ. Bàbá Mùsùlùmí kan ní, "Sùbúhánàlláhì!" ó sì yí ẹsẹ̀ padà. Bọ̀ọ̀dá Íbò kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní, "Abeg, who carry this kain thing come road early morning?" Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń yà á sílẹ̀, wọ́n rìn yí i ká bí ẹni ń yí kànga ká, wọ́n lọ fún ara wọn pọ̀ sí òdìkejì títì. Sístà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní kí iná bọ́ sórí ẹni tó gbé e. Ẹni tó gbé e ń fẹ́ iná ààrò lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Bàámi wà láàárín wọn. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé fúláàsì dání. Mo rí i nígbà tó mọ aṣọ funfun náà. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè. Ojú ń tì í, ó sún sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, inú bí mi sí i ju bí mo ṣe lè sọ fún yín lọ. Bọ́ọ̀sì yọ lókèèrè pẹ̀lú iná rẹ̀, dírẹ́bà rí ohun tó wà ní oríta, ó tẹ búréèkì níbi tó wà, ó yọ orí síta pé òun ò ní gbé táyà òun dé tòsí nǹkan yẹn o, kí ẹni tó bá ń lọ wá bá òun.

Bẹ́ẹ̀ ni Màámi jáde. Fùláwà ti bò ó láti gèlè dé ẹsẹ̀, ó funfun bíi ẹfun, ó ń rìn kánkán jáde láti inú kùrukùru òwúrọ̀. Háà! Sístà fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin kan sá, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Màámi dúró, ó ní, "Kí ló dé? Ẹ ò rí búrẹ́dì ni?" Ó wo ojú wọn. Ó wá wo àtẹ rẹ̀, ó wo igbá, ó wo aṣọ, ó wo oríta. A rí i bó ṣe yé e. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo gbé!" Mo rò pé ẹkún ló máa sun. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oríta, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, fùláwà ń gbọ̀n kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó mú búrẹ́dì kan, ó fà á ya, ooru rú jáde nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, bó bá jẹ́ ẹbọ ni, èmi ni kó kọ́kọ́ mú. Búrẹ́dì ni. Owó rẹ̀ ni òkúta yẹn. Mi ò lè dúró tì í ni, ààrò ń bẹ lẹ́yìn tó ń jó." Ó tún bù ú jẹ. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Sístà ké láti ẹ̀yìn igi pé, "Ẹni tó gbé e náà lè jẹ ẹ́ kẹ̀!" Àwọn kan kùn pé òótọ́ ni. Mo rí i tí ẹ̀rín ń kúrò lójú Màámi díẹ̀díẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, bí ẹni tó ń múra àtilọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ìgbà náà ni Bàámi gbé fúláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde láàárín wọn, ó la títì kọjá, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ ló pò ó." Ó ka òkúta, ó yọ owó nínú àpò, ó jù ú sínú igbá kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ, bí oníbàárà tòótọ́. Ó mú búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ lánàá, bẹ́ẹ̀ àgbàdo Papalantò ló fi sùn. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ lójú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Bọ̀ọ̀dá Íbò ló tẹ̀lé e. Ó ní, "Madam, I no know say na bread o," ó sì mú méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá Mùsùlùmí, ó ṣe bìsìmílà, ó bù ú. Kí ẹ tó pajú pé, òdìkejì títì ti ṣófo, ẹ̀rín ti gba oríta kan, wọ́n ń fi ọkùnrin oníbàtà kan ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ju owó, wọ́n ń ṣí òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sístà náà wá. Ó gbàdúrà lé tirẹ̀ títí ó fi tutù, ó jẹ ẹ́, ó sì ra òmíràn fún ọ̀sán. Dírẹ́bà alára gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sí tòsí. Àtẹ ṣófo. Dírẹ́bà fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó sì ké pe Màámi, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó máa gbé lọ lọ́jọ́ náà: "Ìyá, ṣé ẹ ń wọlé ni àbí ẹ ò wọlé?"

Màámi wo Bàámi. Àdéhùn ni àdéhùn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan. Bàámi na ọwọ́, ó dá a dúró. Ó fún dírẹ́bà lésì pé, "Kò wọlé. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

Èmi àti Káyọ̀dé hó yèè ní ìdí géètì. Bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n ń juwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé. Màámi dúró, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ gba àárín fùláwà, ó wá rántí, ó pariwo, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìdí àwọn tó wà nínú ààrò ti dúdú díẹ̀. A fi ọ̀bẹ ha á, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Búrẹ́dì Olókùúta, orúkọ tó yẹ kó lé oníbàárà sá. Màámi gbé àtẹ kúrò lábẹ́ aṣọ funfun, aṣọ aláràbarà olódòdó ló fi ń bò ó. Kò sí ẹni tó dúró tì í, owó rẹ̀ kì í dín. Ewúrẹ́ Ìyá Onílé nìkan ni olè tí a mú. Kò pẹ́ tí àtẹ fi wà ní àwọn ibi mìíràn tí bọ́ọ̀sì ti ń gbèrò, títí dé ọ̀nà Agbára. Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì tó fẹ́ gbà á ní agbálẹ̀ rán ọ̀gá Bàámi wá bẹ̀ ẹ́ kó máa gbé búrẹ́dì wá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Màámi fún un ní àga, ó bu omi tútù fún un, ó ní kó jẹ́ kí òun rò ó wò. Ó ti rò ó tán kó tó jókòó. Ó kàn fẹ́ kí Bàámi gbádùn rẹ̀ ni, Bàámi tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

Lónìí, Káyọ̀dé tí kò fẹ́ jẹ búrẹ́dì lọ́run ló ń bójú tó bẹ́kírì wa. Àwọn ẹ̀rọ ló ń pò ó báyìí. A kì í to òkúta mọ́, fóònù ló ń dún pé owó ti wọlé, a sì fi irin yí ilé ká bíi gbogbo ènìyàn, torí ayé ti yí, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìdájí ò tíì yí. Àwọn ènìyàn ṣì ń jáde nínú yàrá tí wọ́n háyà, wọ́n ṣì ń sáré lọ bá bọ́ọ̀sì, ebi ṣì ń pa wọ́n, ẹni tó bá sì gba tiwọn rò ni wọ́n ń bá lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ibí, Dámiláre ti gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló fi dá màmá yín lójú pé wọn ò ní jí i gbé? Ní Sàngó?" Èmi náà ti bi Màámi bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó ti darúgbó, tó ń jókòó síwájú bẹ́kírì tó ń kí àwọn oníbàárà. Ó wò mí bí ẹni pé n kò lọ́gbọ́n lórí. Ó ní, "Ta ló ń gba oríta kọjá ní ìdájí? Ní àsìkò yẹn, gbogbo olè ti lọ sùn. Òṣìṣẹ́ nìkan ló kù."